Ẹ̀jẹ̀ dídì, ẹ̀jẹ̀ dídà: Ìfiwéra ìtọ́jú fún ẹni tí àìsàn ọkàn dé bá lójijì ní Ògbómọ̀ṣọ́

“Ẹ fún un ní èyí tó lágbára jù!” Ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ẹbí nìyẹn, tí wọ́n bá gbé bàbá tàbí ìyá wọn dé ẹ̀ka pàjáwìrì tí àyà ń dùn ún. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, a kì í bá wọn jà sí i. Àmọ́ nínú ìtọ́jú ọkàn, oògùn tó lágbára jù kọ́ ló ń gba ẹ̀mí là jù ní gbogbo ìgbà. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú iṣan ọkàn kò mọ̀ pé ibẹ̀ nìkan ni wọ́n rán òun sí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ, nínú ikùn, àti lójú ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì ìbá pa lónìí, ẹ̀jẹ̀ dídà lè pa á lọ́túnla.

Nígbà kan, àwọn dókítà fúnra wọn kò ka ẹ̀jẹ̀ dídà sí bàbàrà. Ó dà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ. Láti bí ogún ọdún sẹ́yìn ni ìwádìí lórí ìwádìí ti ń fi hàn pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá dà púpọ̀ lára rẹ̀ lẹ́yìn ìkọlù ọkàn súnmọ́ ikú ju ẹni tí tirẹ̀ kò dà lọ, títí di oṣù mélòó kan lẹ́yìn tó ti kúrò ní ilé ìwòsàn. Ohun tó fà á kò fara sin. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà a máa fa ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọkàn tó ti fara pa kò sì ní rí atẹ́gùn tó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á dá gbogbo oògùn tó ń dènà dídì dúró kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ibi tí wọ́n ti là nínú iṣan á sì tún dí.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ẹbí yí ìbéèrè wọn padà: “Èwo ni ara bàbá wa lè gbà?” Apá púpọ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé ilé. Dókítà pàjáwìrì kò mọ̀ pé bàbá ń mu àgbo, kò mọ̀ pé ìyá yàgbẹ́ dúdú lóṣù tó kọjá. Ìfiwéra tí mo ṣe sísàlẹ̀ yìí kò sọ ẹnikẹ́ni di dókítà. Ó wà kí ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń bá yín sọ, kí ẹ sì mọ ohun tó yẹ kí ẹ tètè sọ.

Ṣé iṣan ọkàn ló dí, àbí ọkàn ló rẹ̀?

Ibí yìí ni yíyàn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ oògùn. Àyà dídùn àti mímí gúlegúle kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì dí iṣan tó ń bọ́ ọkàn: ìkọlù ọkàn nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti tán ọkàn lókun, tí omi wá kún ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ìkejì yìí ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń gbé wá. Ìwádìí tí wọ́n ń pè ní THESUS-HF, tó jáde ní 2012, tẹ̀lé aláìsàn 1,006 tí ọkàn wọn dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á fún bí 45 nínú 100. Iṣan ọkàn tó dí kò tó 8 nínú 100. Ọjọ́ orí wọn, tí ẹ bá pín in dọ́gba, jẹ́ 52. Àwọn tó ṣì ń jáde lọ ṣiṣẹ́ ni wọ́n. Bí 4 nínú 100 ló kú sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù mẹ́fà fi pé, àwọn tó kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 nínú 100.

Kí ni èyí kàn ẹ̀jẹ̀ dídà? Ó kàn án gan-an. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀, tí iṣan rẹ̀ kò dí, tí ọkàn rẹ̀ kò lù ségesège, kò sí èrè kan tó dájú fún un nínú oògùn líle tó ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti fi warfarin àti ásípírìn wéra fún irú wọn nínú ìwádìí WARCEF, tó jáde ní 2012. Èyí tí warfarin fi dín rọpárọsẹ̀ kù ni ẹ̀jẹ̀ tó dà gbà padà, ikú kò sì dín. Oògùn tó ń fa omi jáde, èyí tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà, àti iyọ̀ tó dín nínú ọbẹ̀ ló máa ràn án lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i pé wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ kékeré kan sí ikùn lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ìyẹn wà kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí ẹsẹ̀ ẹni tí kò lè dìde. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wà tí kò wọ́pọ̀ ṣùgbọ́n tó burú: kí iṣan ńlá tó jáde látinú ọkàn ya. Ìrora rẹ̀ máa ń dà bí ẹni pé nǹkan ń fà ya láti àyà lọ sí ẹ̀yìn, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tipẹ́ ló sì sábà máa ń ṣe. Tí wọ́n bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, ó lè pa á. Ìdí nìyí tí dókítà fi máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ọwọ́ méjèèjì, tí ẹbí á máa rò pé ó ń fi àkókò ṣòfò.

ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí ìwé, ló máa kọ́kọ́ ya àwọn wọ̀nyí sọ́tọ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní troponin á sì tẹ̀ lé e. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ ńlá méjì ló wà nítòsí wa: ti LAUTECH, àti ti Bowen tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Baptist, níbi tí dókítà míṣọ́nnárì kan, George Green, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1907. Ẹ gbé aláìsàn lọ síbẹ̀ tààrà. Ẹni tó kọ́kọ́ yà sí kẹ́míìsì ní Tákíé láti gba abẹ́rẹ́ ìrora ti fi wákàtí tó ṣe pàtàkì jù ṣòfò, ó sì lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ló máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dà lọ́la. Màá padà sórí rẹ̀.

Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tàbí wáyà àti bàlúùnù?

Fún ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí pátápátá, ọ̀nà méjì ló wà láti là á. Èkíní ni kí wọ́n ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gba iṣan ọwọ́ tàbí ti itan lọ sí ọkàn, kí wọ́n fẹ bàlúùnù níbẹ̀, kí wọ́n sì fi irin kékeré tí wọ́n ń pè ní stent gbé iṣan náà dúró. Èkejì ni kí wọ́n gún un ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì: streptokinase tàbí tenecteplase.

Lórí ìwé, wáyà ló borí. Ó ń la iṣan dáadáa ju oògùn lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ wà nínú kíkánjú: ìlànà ni pé kí wáyà dé inú iṣan láàárín 120 ìṣẹ́jú tí ECG ti fi hàn pé iṣan dí. Ilé ìwòsàn tó ń ṣe é ní Nàìjíríà kò pọ̀, Èkó àti Abuja ni wọ́n ṣù sí, mílíọ̀nù náírà sì ni owó rẹ̀. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Èkó ju 200 kìlómítà lọ, ẹ sì mọ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ní kí wọ́n gbé bàbá lọ sí Èkó tààrà láìkọ́kọ́ fún un lóògùn, nítorí pé “tí Èkó ló dára jù”, ti mú èyí tó dára jù lórí ìwé tó sì burú jù fún ẹni tó dùbúlẹ̀ sí Sábó.

Oògùn, ní tirẹ̀, ti pẹ́ tó ti ń gba ẹ̀mí là. Ní 1988, ìwádìí ISIS-2, tó gba ju 17,000 ènìyàn, fi hàn pé nínú 1,000 tí wọn kò fún ní ásípírìn tàbí streptokinase, ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa 132 láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Lọ́dọ̀ àwọn tó gba méjèèjì, 80 ni. Ásípírìn nìkan ṣe bí ìdajì iṣẹ́ yẹn. Ẹ fojú inú wo iye owó ásípírìn! Èyí tí wọ́n máa ń lò báyìí jẹ́ bí 300 mg, kí aláìsàn rún un lẹ́nu kó má gbé e mì lódindi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọwọ́ dókítà ni yóò ti gbà á.

Iye tí oògùn títú yìí ń gbà padà ni èyí: nínú nǹkan bí 100 ènìyàn tó gbà á, ẹ̀jẹ̀ lè dà sínú ọpọlọ ẹnì kan, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ẹni náà máa ń sábà jẹ́ àgbàlagbà, ẹni tí kò sanra, tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gan-an nígbà tó gbà á. Fún ẹni tó ti lé ní 75, ìdajì ìwọ̀n tenecteplase ni wọ́n máa ń fún un. Àwọn kan sì wà tí wọn kò gbọ́dọ̀ gbà á rárá: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ rẹ̀ rí, bó ti wù kó pẹ́ tó, ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún, tàbí tó fi orí gbá níbi jàǹbá ọ̀kadà, láàárín oṣù kan, ẹni tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ lóṣù yẹn. Bí “àrùn ẹ̀gbẹ́ kan” bá ti ṣe bàbá rí, tí ó sì lọ, ẹ sọ ọ́. Ẹ má fi pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹ má sì sọ pé “ayé ló ṣe é” kí ẹ sì dákẹ́ síbẹ̀.

Nínú méjèèjì, tenecteplase rọrùn jù: ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń gún un, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ fa ìfúnpá wálẹ̀. Streptokinase ń gba bíi wákàtí kan, ó lè mú kí ara yún tàbí kí ìfúnpá já, wọn kì í sì í fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kejì nítorí ara ti mọ̀ ọ́n. Owó rẹ̀ ló kéré jù. Èyí tí wọ́n bá ní nílẹ̀ lóru yẹn ló dára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó máa ronú Èkó, ní bíi wákàtí méjì sí mẹ́rìnlélógún.

Abẹ́rẹ́ ikùn: Clexane tàbí fondaparinux

Tí ó bá jẹ́ pé ìfiwéra kan péré ni ẹ máa rántí, kó jẹ́ èyí.

Ọ̀pọ̀ ìkọlù ọkàn kì í dí iṣan pátápátá. Irú èyí kì í gba oògùn títú. Wọ́n á gún aláìsàn lábẹ́rẹ́ sí awọ ikùn fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí èyí tó ti dì má baà pọ̀ sí i. Clexane ni gbogbo ènìyàn mọ̀, enoxaparin ni orúkọ oògùn inú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n sì ń gún un. Fondaparinux ni èkejì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́.

Ní 2006 ni wọ́n tẹ èsì ìwádìí OASIS-5 jáde. Ó ju 20,000 aláìsàn lọ. Ní ti dídènà ikú, ìkọlù mìíràn àti kí ọkàn má rí ẹ̀jẹ̀ tó láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, oògùn méjèèjì kò ju ara wọn lọ. Ní ti ẹ̀jẹ̀ dídà tó le, 41 nínú 1,000 ló ṣẹlẹ̀ sí lọ́dọ̀ enoxaparin, 22 péré lọ́dọ̀ fondaparinux. Nígbà tó fi di ọgbọ̀n ọjọ́, 35 nínú 1,000 ti kú lọ́dọ̀ enoxaparin, 29 ló kú lọ́dọ̀ fondaparinux. Ẹ wò ó dáadáa. Fondaparinux kò fi agbára kankan ju èkejì lọ nínú bíbá dídì jà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò jẹ́ kó dà ni ó fi dá àwọn ènìyàn yẹn sí. Èmi kò mọ ẹ̀rí tó mọ́ ju èyí lọ pé ẹ̀jẹ̀ dídà wà nínú ìṣirò ikú.

Nǹkan mìíràn wà tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún wọ́ọ̀dù tiwa. 2.5 mg ni ìwọ̀n fondaparinux fún gbogbo ènìyàn. Enoxaparin, bí ara bá ṣe wúwo tó ni: 1 mg fún kìlógíráàmù kan. Ẹni tí kò lè dìde, ta ló máa gbé e sórí òṣùwọ̀n? Wọ́n á fojú wọ̀n ọ́n. Ẹni tí wọ́n fojú wọ̀n sí 80 tó jẹ́ pé 60 ni, 20 mg ló ń lé sí i lára nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Tí ẹ bá rántí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀ nígbà tó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru gbẹ̀yìn, ẹ tètè sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ̀bùn ńlá nìyẹn.

Fondaparinux náà ní ibi tó kù sí. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an kò gbọ́dọ̀ gbà á. Tí wọ́n bá fẹ́ ti wáyà wọlé, wọ́n gbọ́dọ̀ fi heparin kún un, torí ẹ̀jẹ̀ lè dì sára wáyà náà. Enoxaparin wà fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára tán, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni wọ́n á dín in sí. Fún kíndìnrín tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, heparin àtijọ́ tí wọ́n ń fi sínú dírípù ni wọ́n máa ń padà sí: ó ń béèrè àyẹ̀wò léraléra, ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ó tètè ń kúrò lára, protamine sì wà tó lè pa agbára rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó bínú pé wọ́n ń rán yín lọ san owó creatinine, àyẹ̀wò kíndìnrín, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ kejì, àyẹ̀wò yẹn ló ń yan oògùn.

Clopidogrel tàbí ticagrelor

Méjèèjì jẹ́ oògùn oníhóró tó ń dènà dídì ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń lò pọ̀ mọ́ ásípírìn kékeré. Ìwádìí PLATO ti 2009, tó gba 18,624 ènìyàn, fi hàn pé lẹ́yìn ọdún kan, 59 nínú 1,000 kú lọ́dọ̀ clopidogrel, 45 lọ́dọ̀ ticagrelor. Àǹfààní gidi ni. Tí ẹ bá yọ ẹ̀jẹ̀ tó dà nítorí iṣẹ́ abẹ ọkàn sẹ́yìn, 38 ni ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára wọn lọ́dọ̀ clopidogrel, 45 lọ́dọ̀ ticagrelor.

Ẹni ọdún 55 tí kò ní ọgbẹ́ inú, tí PCV rẹ̀ (iye ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀) dára, tó sì lówó láti ra á fún odindi ọdún: ticagrelor. Lórí “odindi ọdún” ni kí ẹ ti dúró díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, agbára rẹ̀ sì ń tètè kúrò lára. Ẹni tó ra á fún oṣù kan tó wá ń lò ó lọ́jọ́ kan, tí kò lò ó lọ́jọ́ kejì kó má baà tètè tán, clopidogrel tó ń lò lójoojúmọ́ ì bá sàn fún un. Ohun mìíràn tó ń dẹ́rù ba ènìyàn ni pé ticagrelor máa ń mú kí èémí ó ṣe ènìyàn bákan: 138 nínú 1,000, sí 78 lọ́dọ̀ clopidogrel. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe pé ọkàn tún ti ń bàjẹ́. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ má kàn dá a dúró nílé.

Clopidogrel ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oògùn títú, ti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dà sínú ọpọlọ rẹ̀ rí, àti ti ẹni tó tún ní láti máa lo warfarin tàbí irú rẹ̀. Mo fi àwọn arúgbó kún un. Ní 2020, wọ́n fi ẹni 1,002 tó ti lé ní 70 ọdún wéra ní Netherlands: lọ́dọ̀ clopidogrel, ẹ̀jẹ̀ dà lára 18 nínú 100, lọ́dọ̀ àwọn oògùn tó lágbára jù ú lọ, 24, ikú àti ìkọlù kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Fún ìyá ẹni ọdún 78 láti Ìkòyí-Ilé tí PCV rẹ̀ jẹ́ 29, n kò ní ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí n kò ní gbà ni kí wọ́n má fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní nǹkankan. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn tètè ń dà jù náà ni ikú súnmọ́ jù tí wọn kò bá gba oògùn. Ìṣirò kan wà tí wọ́n ń pè ní CRUSADE, ohun mẹ́jọ ló ń wò: iye ẹ̀jẹ̀ ara, kíndìnrín, bí ọkàn ṣe ń yára lù, ìfúnpá, bóyá obìnrin ni, bóyá ọkàn ti rẹ̀, àtọ̀gbẹ, àti bóyá iṣan ibòmíràn ti dí rí. Ẹ wo àkọsílẹ̀ yẹn, ẹ máa rí i pé ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà náà ló ń fa ikú. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ìtọ́jú. Ẹ mú èyí tó rọ̀ jù, kí àkókò lílò rẹ̀ sì kúrú: oṣù kan sí mẹ́fà dípò ọdún kan ni wọ́n máa ń gbà fún oògùn oníhóró méjì papọ̀ tí ara kò bá lè gbà á.

Fún ẹni tí wọ́n bá gbé dé ibi wáyà, kí wọ́n gba ọwọ́ dípò itan. Nínú ìwádìí MATRIX ti 2015, 22 nínú 1,000 kú láàárín oṣù kan nígbà tí wọ́n gba itan, 16 nígbà tí wọ́n gba ọwọ́.

Warfarin tàbí àwọn tuntun, fún ọkàn tó ń lù ségesège

Níbí, owó nìkan kọ́ ló ń yan oògùn, bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Apixaban àti rivaroxaban, àwọn tuntun náà, kò béèrè àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nínú ìwádìí ARISTOTLE ti 2011, tó gba ju 18,000 ènìyàn, ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára 31 nínú 1,000 lọ́dún lọ́dọ̀ warfarin, 21 lọ́dọ̀ apixaban, àwọn tó kú náà sì dín díẹ̀. Fún ẹni tó ń gbé Àjááwà tí yóò wọ mọ́tò wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí INR kan ṣoṣo, àyẹ̀wò tó ń fi hàn bí ẹ̀jẹ̀ onílo warfarin ṣe ń pẹ́ tó kó tó dì, ìrọ̀rùn yẹn níye lórí.

Àmọ́ tí fáàfù ọkàn bá ti bàjẹ́ láti ìgbà èwe, nítorí ọ̀fun tó dun ọmọ tí wọn kò tọ́jú, ọ̀rọ̀ yí padà. Àìsàn yìí ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ó sì ń mú àwọn ọ̀dọ́bìnrin jù. Ìwádìí INVICTUS ti 2022 fi rivaroxaban wé warfarin àti irú rẹ̀ fún àwọn tó ju 4,500, Áfíríkà sì wà nínú rẹ̀ dáadáa. Àwọn tó lo irú warfarin ló pẹ́ láyé jù, ẹ̀jẹ̀ kò sì dà lára wọn ju tàwọn tó kù lọ. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù irin sí lára kò tilẹ̀ ní àṣàyàn: warfarin nìkan ni.

Warfarin ní ọ̀tá nínú àpótí oògùn ilé gbogbo ènìyàn. Flagyl ni. Septrin ni èkejì. Ẹni tí inú ń run, tó lọ ra Flagyl ní ìsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, INR rẹ̀ lè fò sókè láàárín ọjọ́ díẹ̀ títí imú á fi máa ṣẹ̀jẹ̀. Ní ti oúnjẹ, ẹ má tan ara yín pé kí bàbá má jẹ ẹ̀fọ́ mọ́. Ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, ewédú, kó máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, kó má ṣáà jẹ́ pé odindi ọ̀sẹ̀ kan kò fẹnu kàn án, kó wá di ọ̀sẹ̀ kejì kó fi ẹ̀fọ́ ṣe ọbẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ìwọ̀n oògùn ni wọ́n á tò mọ́ oúnjẹ rẹ̀.

Ohun tó wà nílé

Paracetamol tàbí diclofenac? Paracetamol. Kò sí àríyànjiyàn. Diclofenac, ibuprofen àti Feldene ń bó inú, wọ́n ń pa kíndìnrín lára, wọ́n sì ń fi kún ewu ìkọlù ọkàn fúnra rẹ̀. Pa wọ́n pọ̀ mọ́ ásípírìn àti clopidogrel, ikùn lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìsí pé ó dun ènìyàn. Abẹ́rẹ́ ìrora tí mo ní màá padà sórí rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí wọ́n bá ti gún, ẹ sọ orúkọ rẹ̀, tàbí kí ẹ mú páálí rẹ̀ dání.

Àgbo ńkọ́? N kò ní bú oníàgbo, ìyá tiwa náà ń mu ún. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè sọ iye tó wà nínú ife kan, àwọn ewé kan ń mú ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dá, àgbo jẹ̀dí-jẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ sì ń bá ikùn tó ti lọ́gbẹ́ jà. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Tó bá tiẹ̀ bínú, ẹ ti sọ ọ́.

Oògùn ikùn ni wọ́n máa fi kún un fún ẹni tí ewu rẹ̀ ga. Nínú ìwádìí COGENT ti 2010, ìṣòro ikùn ṣe 29 nínú 1,000 tí wọn kò gba omeprazole láàárín oṣù mẹ́fà, ó ṣe 11 nínú àwọn tó gbà á. Pantoprazole ni ọ̀pọ̀ dókítà yàn láti lò pẹ̀lú clopidogrel, torí omeprazole lè dín agbára clopidogrel kù nínú ẹ̀dọ̀. Tí pantoprazole bá wà, ẹ gbà á.

Ṣé ká fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára?

Ibi tí ìlú wa ti yàtọ̀ sí àwọn ìwádìí òkè òkun nìyí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dà, wọ́n á ní kí ẹ wá ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀, àwọn ọmọ ilé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Ní 2023, ìwádìí MINT wo ẹni 3,504 tí ìkọlù ọkàn àti àìtó ẹ̀jẹ̀ jọ ń bá jà. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n dúró títí ẹ̀jẹ̀ wọn fi wálẹ̀ gan-an kí wọ́n tó fa á sí wọn lára, 169 nínú 1,000 kú tàbí ní ìkọlù mìíràn láàárín oṣù kan. Lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n jẹ́ kí Hb wọn, òǹkà mìíràn fún iye ẹ̀jẹ̀ ara, wà ní 10 sókè, 145 ni. Ìyàtọ̀ náà kò tíì dájú tó láti fi búra, àmọ́ èmi yóò yàn pé kí wọ́n má jẹ́ kó wálẹ̀ jù fún ẹni tí àyà ṣì ń dùn. Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ lọ fún un lẹ́jẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, kó tó di pé òru ni ẹ ń wá ènìyàn kiri Àpáàkẹ́.

Lẹ́yìn tí ẹ bá délé

Ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, orí fífọ́ tó dé lójijì tí ọ̀rọ̀ sì ń wúwo lẹ́nu: ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá ń rún pákò, tàbí ara tó dúdú níbi tó ti gbá nǹkan, ẹ lè dúró di ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ sì sọ ọ́ níbẹ̀. Nínú méjèèjì, ẹ má fúnra yín dá oògùn dúró, pàápàá tí stent bá wà nínú ọkàn rẹ̀ tí kò tíì pé oṣù kan. Kí stent dí lójijì ń pa ènìyàn kíákíá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídà lọ.

Kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tí oògùn oníhóró kejì máa parí sára káàdì. Àwọn kan ti ń lo méjèèjì pọ̀ fún ọdún mẹ́ta nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó ti tó. Ẹ béèrè bóyá ètò ìlera ìjọba ìpínlẹ̀, OYSHIA, á san lára owó rẹ̀. Tí eyín bá wá dùn ún, tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́, káàdì yẹn ni kó kọ́kọ́ gbé fún dókítà eyín kó tó jókòó.